Lina Bo Bardi: Obìnrin tí kò jẹ́ kí wọ́n wó ilé iṣẹ́ dùrọ́ọ̀mù ní São Paulo

Lọ́dún 1971, àjọ SESC ra ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ti gbó ní àdúgbò Pompéia, nílùú São Paulo lórílẹ̀-èdè Brazil. Dùrọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe ìlù tí à ń lù o, èyí tí à ń rọ epo sí ni. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di ilé iṣẹ́ fíríìjì, kó tó di pé iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ètò tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ tuntun. Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1976, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Lina Bo Bardi, ọ̀rọ̀ sì yí padà.

Wọ́n bí Lina sí ìlú Rome, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá ọdún 1914. Ibẹ̀ ló ti kẹ́kọ̀ọ́ yíya àwòrán ilé, ó sì gba Milan lọ láti wáṣẹ́. Àsìkò ogun àgbáyé kejì ni. Lọ́dún 1943, bọ́ǹbù ba ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́. Ẹ wo ọ̀dọ́bìnrin tó kọ́ṣẹ́ ilé kíkọ́, tó wá jẹ́ pé ilé tó ń wó lójoojúmọ́ ló ń rí. Lọ́dún 1946, òun àti ọkọ rẹ̀, Pietro Maria Bardi, kó lọ sí Brazil. Ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1951, ọdún yẹn náà ló parí ilé onígíláàsì tí wọ́n gbé títí ọjọ́ ikú.

Òun ló ya àwòrán ilé MASP, musíọ́ọ̀mù ńlá tó wà ní òpópónà Paulista. Iṣẹ́ yẹn ló gbé orúkọ rẹ̀ jáde jù. Ṣùgbọ́n Salvador, ní Bahia, ló ti kọ́ bí a ṣe ń tún ohun àtijọ́ lò. Ilé àtijọ́ kan wà létí òkun níbẹ̀, Solar do Unhão, tí wọ́n ti fi ṣe ilé iṣẹ́ rí. Lina tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ di musíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù lọ́dún 1963. Àkàsọ̀ onígi tó ṣe síbẹ̀ kò ní ìṣó kankan, bí wọ́n ṣe ń so igi kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà pọ̀ ló ṣe so ó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e làwọn ológun gbàjọba, ìyẹn ló sì gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú ní Salvador.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Pompéia. Nígbà tí Lina ń lọ síbẹ̀ láti wo ilé náà, ó bá àwọn èèyàn níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń sáré kiri, àwọn ìyá ń dáná ẹran sísun, àwọn ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Ó rí i pé ibi tí wọ́n fẹ́ wó ti di ilé fáwọn ará àdúgbò. Bó ṣe pinnu nìyẹn pé ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn gan-an lòun máa fi kún.

Kò jókòó sí ọ́fíìsì tó jìnnà. Inú ilé iṣẹ́ náà lòun àtàwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ń ràn án lọ́wọ́ fi ṣe ibùdó, wọ́n ń bá àwọn bíríkìlà sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ha rẹ́ńdà kúrò kí bíríkì lè hàn síta. Wọ́n la omi gba àárín ilé bí odò, wọ́n sì ṣe ojú ààrò. Ibi ìkàwé, tíátà, ilé oúnjẹ àti ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀ àti híhun aṣọ, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjókòó tíátà yẹn, igi lásán ni, kò sí tìmùtìmù. Ká má parọ́, ó le! Lina ò sì yí i padà.

Ibi tó kù láti kọ́ eré ìdárayá sí kò rọrùn, torí odò kékeré kan gba abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ kọjá, a ò gbọdọ̀ kọ́lé lé e lórí. Ó wá kọ́ ilé gíga oníkọnkéré méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì fi afárá so wọ́n pọ̀ lókè. Fèrèsé ọ̀kan nínú wọn dà bí ihò àpáta. Lọ́dún 1982 ni wọ́n ṣí apá ilé iṣẹ́ náà, ti eré ìdárayá sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1986.

Lẹ́yìn náà ló padà sí Salvador. Lọ́dún 1988, Casa do Benin ṣílẹ̀kùn ní Pelourinho, pẹ̀lú àwọn ohun tí Pierre Verger kó wá láti Benin, Verger tó di babaláwo ní Kétu tí wọ́n sọ ní Fátúmbí. Imọ̀ àgbọn tí wọ́n hun ni Lina fi wé àwọn òpó kọnkéré ibẹ̀.

Ó jáde láyé lógúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún 1992. Àwòrán tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà ni ti Palácio das Indústrias, ilé àtijọ́ mìíràn ní São Paulo, tó fẹ́ sọ di ọ́fíìsì ìjọba ìlú náà.