Herbert Macaulay: ọkùnrin tó gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù

Tí ẹ bá ń gbé Òtò, Òyìngbò, Èbúté Mẹ́ta tàbí Yábà, ojoojúmọ́ lẹ ń pe orúkọ ọkùnrin yìí. Kọ̀ńdọ́ ń pariwo ẹ̀, ẹ ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù kí ọkọ̀ tó wá gbé yín. Herbert Macaulay Way nìyẹn. Àwòrán ẹ̀ wà lára náírà kan pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò fi náírà kan ra nǹkan kan rí láyé yín.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé ni pé òun ni bàbá òṣèlú Nàìjíríà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Èkó mọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì parí títí dòní: tí ìjọba bá ní ilẹ̀ kan ti di ti ará ìlú, ta ni ará ìlú yẹn, ta ló sì lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọ ibẹ̀?

Ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1864 ni wọ́n bí i ní Èkó. Bàbá ẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1859. Ìyá ẹ̀, Abigail, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni. Ẹ ò rí i pé ọmọ ilé ńlá ni. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú ìbí ẹ̀, ní 1861, ni Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé yẹn sọ́kàn, a ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Lọ́dún 1881, Macaulay di akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde. Lọ́dún 1890 ìjọba rán an lọ sí Plymouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà níbẹ̀, ó dé lọ́dún 1893. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un? Wíwọn ilẹ̀ ìjọba. Ṣáájú kó tó bá ìjọba jà lórí ilẹ̀, òun gan-an ni sọ̀fíyọ̀ wọn. Ó mọ ibi tí ààlà dé, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́dún 1898 ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó ń ṣe sọ̀fíyọ̀ tara ẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni nǹkan ń yí padà ládùúgbò wa. Iṣẹ́ ojú irin bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó lọ́dún 1896, ó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901. Ìddó, Òtò àti Èbúté Mẹ́ta, ilẹ̀ Olótò ni wọ́n, Olótò sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn olóyè ìdéjọ, àwọn onífìlà funfun tí ilẹ̀ Èkó wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tó di 1908, Macaulay tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde lórí bí wọ́n ṣe ń ná owó reluwé. Kò dùn mọ́ gómìnà nínú rárá.

Ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ti Àpápá ni. Lọ́dún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní iṣẹ́ ìlú ni àwọn fẹ́ fi ṣe. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ olóyè ìdéjọ mìíràn, Àmọ́dù Tìjání, tí oyè ẹ̀ ń jẹ́ Olúwa. Wọ́n gbà láti sanwó, àmọ́ owó mélòó? Àwọn adájọ́ ní Èkó ní olóyè yìí kì í ṣe onílẹ̀ gidi, ẹ̀tọ́ tó ní ò ju kó máa bójú tó ilẹ̀, kó sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ. Tí ìdájọ́ yẹn bá dúró, kì í ṣe ìdílé Olúwa nìkan ló gbé. Olótò gbé, gbogbo ìdéjọ gbé, àti gbogbo ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ wọn.

Lọ́dún 1920, Olúwa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay sì bá a lọ bí akọ̀wé ẹ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Privy Council, ibi tí ẹjọ́ gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ń parí sí. Ìdájọ́ jáde lọ́dún 1921: ìwé tí Dòsùnmú fọwọ́ sí ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Gbogbo àwùjọ ló ni ilẹ̀, olóyè kàn ń bá wọn dì í mú ni. Owó ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ pé. £22,500 ni wọ́n san níkẹyìn.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀. Owó ni wọ́n gbà, wọn ò gba ilẹ̀ padà. Lọ́dún 1926 wáàfù Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, títí dòní o ò lè ṣàdédé rìn wọ ibẹ̀ láìní ìwé àṣẹ. Àti pé olórí ìdílé tó bá ń di ilẹ̀ mú fún gbogbo ilé lè jẹ owó náà mọ́ wọn lójú. Ìdájọ́ 1921 ò wo àrùn yẹn sàn.

Macaulay náà kì í ṣe áńgẹ́lì. Lọ́dún 1913 wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n lórí owó ogún tó wà níkàáwọ́ ẹ̀. Àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ ní òṣèlú ni. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹjọ́ yẹn ò jẹ́ kó lè du ipò kankan. Ó tún lọ ẹ̀wọ̀n lọ́dún 1928, oṣù mẹ́fà, lórí ohun tí ìwé ìròyìn ẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde nípa Èṣùgbàyí Eléko, ọba Èkó tí ìjọba lé lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́dún 1925. Ọba náà padà délé lọ́dún 1931. Àmọ́ ẹni tí kò lè du ipò yìí ló dá ẹgbẹ́ NNDP sílẹ̀ lọ́dún 1923, ẹgbẹ́ náà sì gba ìjókòó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jẹ́ ti Èkó nígbìmọ̀ aṣòfin lọ́dún kan náà.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà tó bá NCNC rin ìrìn-àjò káàkiri orílẹ̀-èdè. Àìsàn kọlù ú ní Kano, wọ́n gbé e padà sí Èkó, ó sì kú ní ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1946. Ìkòyí ni wọ́n sin ín sí.

Ìbéèrè ẹ̀ ò bá a kú. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ òkè tí wọ́n ti ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí yìnyín jẹ́ ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀. Ilé iṣẹ́ á gba ìwé àṣẹ, á gbé ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gòkè síbẹ̀, á máa gbowó. Àwọn kan wá ní àwọn ò fẹ́ ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ àwọn làwọn fẹ́ fi gun òkè. Ibì kan ń gbà wọ́n láyè, ibì kan ń gbowó lọ́wọ́ wọn, ibì kan lé wọn. Ilé iṣẹ́ ní ọkọ̀ ńlá ń ṣiṣẹ́ lórí òkè, èèyàn lè fara pa. Àwọn yẹn ní ilẹ̀ gbogbo wa ni. Àwọn méjèèjì ló ní ohun gidi lẹ́nu.

Níhìn-ín, Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ní gómìnà ló ń di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Gbólóhùn yẹn dùn létí. Síbẹ̀ ẹ lọ sí etíkun wa, ẹ ka iye ibi tí géètì wà àti iye tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tí mo rí kọ́ lára Macaulay ò ju èyí lọ: kò fi ariwo nìkan jà. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀, ó mọ ohun tó wà nínú ìwé 1861, ó sì mọ ilé ẹjọ́ tó yẹ kó lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá na ògiri yí pápá ìṣeré tàbí etí omi ládùúgbò yín ká, ẹ má kàn gbé e sórí Twitter kẹ́ ẹ lọ sùn. Ẹ béèrè ìwé: ta ló fún wọn láṣẹ, fún ọdún mélòó, kí ni ìwé náà sì sọ nípa ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn wọlé?