Al-Khwarizmi: Onímọ̀ Ìṣirò tí Kọ̀ǹpútà Ń Tẹ̀lé Ọ̀nà Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, ló ń sọ pé iṣẹ́ injiníà kọ̀ǹpútà ni àwọn fẹ́ ṣe. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn òbí kan rò pé bí ọmọ bá ti lè tẹ ìwé lórí kọ̀ǹpútà, ó ti di injiníà nìyẹn. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn ọ̀gá àgbà kan wá, ẹni tí ó ti kú láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, kí a lè mọ ibi tí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ni Muhammad ọmọ Musa. Al-Khwarizmi tí a ń pè é tọ́ka sí Khwarizm, ilẹ̀ kan ní gúúsù òkun Aral, tí ó wà nínú Uzbekistan àti Turkmenistan lónìí. Nǹkan bí ọdún 780 ni a bí i. Baghdad ni ó ti ṣiṣẹ́. Bí a bá tẹ̀lé orúkọ náà, ará ọ̀nà jíjìn ni ìran rẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti jẹ́ níbi tí a wà yìí.

Kálífà Al-Ma'mun, tí ó jọba láti 813 sí 833, fẹ́ràn ìmọ̀ púpọ̀. Àwọn onímọ̀ ń pàdé ní Bayt al-Hikma, èyí tí í ṣe Ilé Ọgbọ́n, Al-Khwarizmi sì wà lára wọn. Ó kọ ìwé lórí ìràwọ̀, ó kọ lórí àwọn ìlú àti odò ayé, ó sì kọ lórí oǹkà àwọn ará Íńdíà, ìyẹn 1 títí dé 9 pẹ̀lú òdo, tí gbogbo ayé ń lò báyìí.

Èyí tí ó lókìkí jù ni ìwé Al-Jabr wal-Muqabala. Kálífà ni ó gbà á níyànjú pé kí ó kọ ìwé kúkúrú tí ó rọrùn, fún ohun tí àwọn ènìyàn ń bá pàdé: ogún pínpín, ọjà títà, ilẹ̀ wíwọ̀n àti kòtò omi gbígbẹ́. Apá ńlá nínú rẹ̀ jẹ́ ti ogún àti wàsíyyà. Ẹni tí ó bá ti jókòó níbi tí àwọn àlùfáà ti ń pín ogún mọ̀ pé bí ìṣirò bá ṣì, ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn ti lọ nìyẹn.

Ẹ wo ọ̀nà rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà: bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, tí a sì fi ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ kún un, yóò di 39. Al-Khwarizmi kọ́ wa pé kí a pín 10 sí méjì, ó di 5. 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Kí a fi 25 kún 39, ó di 64. 8 lọ́nà 8 ni 64. Kí a yọ 5 kúrò nínú 8, ó ku 3. 3 ni ìdáhùn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 3 lọ́nà 3 jẹ́ 9, 3 lọ́nà 10 jẹ́ 30, àpapọ̀ wọn 39. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ pàápàá kò ní ṣìnà bí ó bá tẹ̀lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n Al-Khwarizmi kò dúró níbẹ̀. Ó ya àwòrán onígun mẹ́rin láti fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn.

Ó kú ní nǹkan bí ọdún 850. Ní 1145, Robert ará Chester túmọ̀ Al-Jabr sí èdè Látìnì ní Segovia, ní ilẹ̀ Sípéènì, láti ibẹ̀ ni a ti rí áljẹ́brà. Ìwé rẹ̀ lórí oǹkà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ ní Algoritmi. Orúkọ yìí ló di algorithm, tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe ìgbésẹ̀ tí a tò ní ẹsẹẹsẹ.

Kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé ìgbésẹ̀ tí a tò fún un, 0 àti 1 sì ni a fi ń kọ ohun gbogbo sínú rẹ̀. Ẹni tí ó mọ bọ́tìnì títẹ̀ nìkan ń tẹ̀lé ìgbésẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ ni injiníà.

Ẹ̀yin òbí wa, ibí ni ọ̀rọ̀ kàn wá. Láti wọ fásitì fún iṣẹ́ yìí ní Nàìjíríà, Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì ni ọmọ máa ṣe nínú ìdánwò JAMB, ọdún márùn-ún ni yóò sì fi kẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí a bá yọ kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì ní SS1 nítorí pé ìṣirò le, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọn. Kí a wá olùkọ́ fún un. Ọmọ tí a ń dá dúró sí ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń bọ́ lọ. Lẹ́yìn ilé ìwé, ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ṣírò èrè àti gbèsè, kí ẹ sì bi í léèrè ìdí rẹ̀.

Ilé-kéwú kò dí èyí lọ́wọ́. Ọ̀kan náà ni ìtọ́jú tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ogún pínpín àti èyí tí yóò fi kọ́ kọ̀ǹpútà.

Kí Ọlọ́run Allah fi ìmọ̀ tó wúlò jíǹkí àwọn ọmọ wa. Àmín.