Joel Engel, Ẹnití Ó Kó Orin Àwọn Júù Jọ

Ní ọdún 1868 ni a bí Joel Engel ní Berdyansk, ìlú kan ní etí Òkun Azov, lábẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà ti ìgbà nì. Júù ni àwọn òbí rẹ̀. Ìmọ̀ òfin ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Kharkov, ṣùgbọ́n nígbàtí Tchaikovsky, àgbà nínú àwọn olórin Rọ́ṣíà, rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gbà á níyànjú pé kí ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ orin ní Moscow. Ó jáde níbẹ̀ ní 1897, ó sì di ẹnití ń kọ̀wé nípa orin nínú ìwé ìròhìn.

A ròhìn pé Vladimir Stasov, tí kì íṣe Júù, ni ó bá a wí gidigidi pé ó fi orin àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ rántí pé ojú a máa ti púpọ̀ nínú àwọn Júù tí ó mọ̀wé nígbànáà láti sọ Yídíìṣì, èdè tí ìyá wọn fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Engel bẹ̀rẹ̀ sí kó orin wọn jọ: orin ìrẹmọlẹ́kún, orin ìgbéyàwó, àti orin àwọn Hásídì tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá. Ní 1900 ó mú wọn wá síwájú àwọn ọ̀mọ̀wé Moscow.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro ni. Orin tí ìyá ń dá kọ lẹ́bàá ibùsùn ọmọ kò ní dùùrù lẹ́hìn. Bí dùùrù bá pariwo jù, a bo orin náà mọ́lẹ̀. Bí a bá sì tò ó bí orin Jámánì, ó di ti ẹlòmíràn. Engel fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ti bá a, ó sì mú kí dùùrù máa tẹ̀lé akọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ gbé hàn jùlọ.

Ní 1908 a dá Ẹgbẹ́ Orin Ìbílẹ̀ Àwọn Júù sílẹ̀ ní St. Petersburg, àwọn ọ̀dọ́ olórin sì tẹ̀lé ọ̀nà tí ó là. Ṣùgbọ́n Lazare Saminsky, ọ̀kan nínú wọn, bá a jiyàn kíkan nínú ìwé ìròhìn: ó ní orin inú ilé àti ti ìta ti darapọ̀ mọ́ ti àwọn aládùúgbò, pé orin tí a fi ń ka Ìwé Mímọ́ nínú sínágọ́gù ni ògidì. Engel kò gbà. Kò lè gbà pé ohun tí àwọn tálákà ń kọ kì íṣe ti Júù.

Ní 1912 òun àti S. Ansky rin àwọn ìlú kékeré já, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń gba ohùn ènìyàn sínú ìda. Ní 1922 ó kúrò ní Rọ́ṣíà lọ sí Berlin, níbití ó ti tẹ àwọn orin náà jáde. Ní 1924 ó dé Tel Aviv, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní orin, ó sì ń ṣe orin fún àwọn ọmọdé ní èdè Hébérù. Ọdún díẹ̀ péré ni ó lò níbẹ̀. Ó kú ní 1927. Òpó ìda wọnnì wà ní ilé-ìkàwé ńlá ti Kiev, a sì ṣì ń gbọ́ ohùn àwọn tí ó kọrin sí i nínú wọn.