Hubert Ògúndé àti Àwọn Àwo Orin Rẹ̀ ní Òkè Ọya

Ó ṣòro láti rí ọmọ Yorùbá tí ó ti pẹ́ díẹ̀ ní Sabon Gari ti Zaria, ní Tudun Wada tàbí ní Samaru, tí kò mọ orúkọ Olóògbé Olóyè Hubert Ògúndé. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó fojú ara wọn rí i lórí ìtàgé. Ohùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ mọ̀, ohùn tí ń ti inú giramafóònù jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú nígbà tí àwọn ará ilé bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fún ẹni tí iṣẹ́ rélùwéè, òwò tàbí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Òkè Ọya, àwo orin Ògúndé dà bí ìròyìn láti ilé.

Ní ayé òde òní, àwọn kan wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sọ wíwá irú àwo bẹ́ẹ̀ kiri di iṣẹ́. Àwo orin sinimá kan tàbí ti eré ìtàgé kan, wọn a rà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọn a rà á lẹ́ẹ̀mẹrin, nítorí pé ibi tí a ti tẹ èyí yàtọ̀ sí ibi tí a ti tẹ tọ̀hún. Àwọn tí kò mọ ìdí rẹ̀ a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ti Ògúndé, àwa gbà pé irú wọn kò ṣe àṣejù, ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin náà ni yóò sì fi ìdí rẹ̀ hàn.

A bí Hubert Adédèjì Ògúndé ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 1916 ní Òsósà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, babaláwo sì ni bàbá tí ó bí ìyá rẹ̀. Ọmọ tí a tọ́ láàárín ilé méjèèjì yìí kò lè ṣàì mọ orin ìsìn, kò sì lè ṣàì mọ ìlù àti ijó àwọn eégún alárìnjó tí ó máa ń tẹ̀ lé kiri ní kékeré. Nígbà tí ó parí ìwé, ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Jòhánù Mímọ́ ní Òsósà, òun náà ni ó sì ń tẹ dùùrù tí ó ń darí akọrin ní ìjọ, títí di ọdún 1940. Ní ọdún 1941 ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì gbé e wá sí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà.

Ibẹ̀ ni Ìjọ Olúwa, ti àwọn Aládùúrà, ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá àwọn ṣe eré kan tí àwọn yóò fi wá owó ìkọ́lé. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 1944, ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, eré rẹ̀ lórí Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run jáde, èrò sì ya bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́pàá ṣe rí i pé ọwọ́ òun kò mọ sí kùmọ̀ nìkan. Ní ọdún 1945 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ tí ó pè ní African Music Research Party sílẹ̀, ó sì sọ eré ṣíṣe di iṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Ẹ rántí pé ní ayé ìgbà náà, ẹni tí ó bá fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti lọ máa ṣeré, ìdílé rẹ̀ lè máa wá adáhunṣe fún un.

Ti àwọn obìnrin tilẹ̀ le ju èyí lọ. Kò sí òbí tí ó fẹ́ kí ọmọbìnrin òun máa jó lórí pèpéle fún owó. Nígbà tí Ògúndé ń múra eré Tiger's Empire ní ọdún 1946, ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá òṣèrébìnrin tí òun yóò máa san owó fún, ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí nínú eré Yorùbá. Ọ̀nà tí ó gbà dá wọn dúró nígbẹ̀yìn ni pé ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí àwọn kan ń sọ nípa rẹ̀ nìyí ju iṣẹ́ rẹ̀ gan-an lọ.

Òkè Ọya kò ṣàjèjì sí ẹgbẹ́ náà. Ojú irin láti Èkó dé Kánò gba Ìlọrin, Jẹ́bà, Minna, Kàdúná àti Zaria kọjá, àti láti Zaria ni ojú irin kékeré kan ti yà lọ sí ìhà Jọ́ọ̀s títí di ọdún 1957. Ibi gbogbo tí ọkọ̀ ti ń dúró ni Sabon Gari wà, ibi gbogbo tí Sabon Gari sì wà ni àwọn tí ó gbọ́ èdè eré rẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ìjọba òyìnbó kò jẹ́ kí ó rọgbọ. Eré rẹ̀ Strike and Hunger, tí ó dá lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti ọdún 1945, ni wọ́n torí rẹ̀ mú un ní Jọ́ọ̀s ní ọdún 1946. Nígbà tí ó tún gbé Bread and Bullet jáde ní ọdún 1950, lórí àwọn awakùsà èédú 21 tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn aláṣẹ Kánò kò gbà kí ó ṣe é.

Ó yẹ kí á ṣàlàyé bí eré Ògúndé ti rí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwo ti wọlé. Kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn lójijì. Orin ìṣíde ni yóò kọ́kọ́ wáyé, òun àti àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ yóò jó wọlé pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Orin mìíràn ni yóò sì fi parí eré. Orin ìṣíde yìí lè má bá ìtàn tí ń bọ̀ lẹ́yìn tan rárá. Ìkìlọ̀ ni nígbà mìíràn, ìyìn ni nígbà mìíràn, tàbí ọ̀rọ̀ ìlú tí ó gbóná lọ́wọ́. Nítorí pé ó dá dúró, ó rọrùn láti mú un kúrò lórí ìtàgé kí a sì tẹ̀ ẹ́ sórí àwo.

Èyí tí ó lókìkí jù lọ nínú wọn ni Yorùbá Ronú. Ní ọdún 1964, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn aṣáájú Yorùbá: Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ni Olórí Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Ọmọ Ọlọ́fin, tí ó sún mọ́ Akíntọ́lá, ni ó bẹ Ògúndé ní eré fún ayẹyẹ wọn ní Gbọ̀ngàn Ọbísẹ̀san ní Ìbàdàn ní oṣù Kejì ọdún náà. Eré tí ó gbé wá jẹ́ ti ọba kan tí igbá-kejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀, tí ó fi í lé ọ̀tá lọ́wọ́, tí ó sì wá ń fi ọwọ́ líle ṣàkóso ìlú. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Akíntọ́lá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ìbínú jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn. Ní oṣù Kẹta, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo ẹkùn náà. Ó fi eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, dá wọn lóhùn ní ọdún kan náà, òfin náà kò sì kúrò títí di oṣù Kejì ọdún 1966, nígbà tí ìjọba ológun ti Ọ̀gágun Adékúnlé Fájúyì mú un kúrò.

Fún nǹkan bí ọdún méjì, ará Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òsósà pàápàá kò lè rí ẹgbẹ́ náà ní ìlú wọn. Ṣùgbọ́n òfin ẹkùn kan kò ré kọjá ààlà rẹ̀, àwo kò sì nílò gbọ̀ngàn. Inú àpótí aṣọ ni yóò wà, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí ó bá wù ú. Bí ọ̀rọ̀ ilé ṣe dé etí àwọn ará òkèèrè nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni gba ìwé àṣẹ.

Nínú eré tí ó lé ní ogójì tí Ògúndé kọ, díẹ̀ ni a tẹ̀ sí ìwé. Ọ̀pọ̀ kò sí níbì kan mọ́ àfi nínú ìrántí àwọn àgbà àti nínú àwọn orin tí ó wà lórí àwo. Ìdí nìyí tí àwo kan náà tí a tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kì í fi í ṣe ohun kan náà lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Àwo àtijọ́ tí ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, tí í fọ́ bí tánganran bí ó bá já bọ́, kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ ní ojú kan. Olórin ní láti gé orin rẹ̀ kúrú. Àwo ńlá tí ń yí nígbà 33 gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Tí a bá wá ṣe orin kan náà sórí méjèèjì, ẹsẹ̀ tí a gé kúrò nínú èyí lè wà nínú èkejì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlú òyìnbó ni a ti ń tẹ àwo wa kí a tó kó o wá sí Èkó. Nígbà tí ó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Àwọn kan sì wà tí kò ní ìyá àwo lọ́wọ́, tí wọ́n ra àwo lọ́jà, tí wọ́n fi í tẹ òmíràn: ariwo abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ yóò wà nínú rẹ̀ lábẹ́ ariwo tirẹ̀.

Kí ẹni tí ó ní méjì tó sọ ọ̀kan nù, kí ó gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀. Ní ẹ̀bá bébà róbótó àárín àwo, níbi tí orin ti tán, yóò rí nọ́ńbà kékeré tí a họ sára àwo. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀, a jẹ́ pé ìyá wọn yàtọ̀. Kí ó má gbẹ́kẹ̀ lé àkọtọ́. Lóòótọ́, láti ọdún 1974 ni a ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun, ṣùgbọ́n Ògúndé pe sinimá rẹ̀ ti ọdún 1979 ní Aiye síbẹ̀. Eruku ọyẹ́ Zaria a máa wọ ojú ihò àwo, oòrùn a sì máa ká a kò: ìnaró ni kí á máa tò ó, kí ó jìnnà sí fèrèsé.

Ọdún 1967 ni Ògúndé kó àwọn oníjó rẹ̀ lọ sí Montreal ní Kánádà, níbi ìpàtẹ àgbáyé. Ní ọdún 1970, jàǹbá mọ́tò pa aya rẹ̀ Adéṣẹ́wà Clementina, tí ó ti wà pẹ̀lú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni eré Onímọ́tò jáde, lórí àwọn awakọ̀ tí kò bìkítà fún ẹ̀mí.

Aiye ti kọ́kọ́ jẹ́ eré ìtàgé ní ọdún 1972 kí ó tó di sinimá lọ́wọ́ Ola Balogun. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó bá àwọn àjẹ́ jà. Jáyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìà ní 1982, Àyànmọ́ ní 1988. Mọ́tò ni wọ́n fi ń gbé sinimá báwọ̀nyí láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán hàn. Bí mọ́tò bá ti lọ, sinimá ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá tún fẹ́ gbọ́ ohùn Ògúndé lẹ́yìn náà, àwo ni yóò wá.

Ní ọdún 1986 ìjọba àpapọ̀ fi iṣẹ́ dídá Ẹgbẹ́ Òṣèré Orílẹ̀-èdè sílẹ̀ lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ sinimá rẹ̀ ìkẹyìn sì tún mú un padà sí Òkè Ọya, sí Toro ní ìpínlẹ̀ Bauchi, tí kò jìnnà sí Jọ́ọ̀s tí wọ́n ti mú un ní 1946. Sinimá àwọn òyìnbó ni, Mister Johnson, Ògúndé sì ṣe Brimah, bàbá ìyàwó. Kò dúró rí i. Ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1990, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wá sí Òsósà. Ọdún 1991 ni sinimá náà jáde, Georges Delerue, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó sì ṣe orin inú rẹ̀.