Henri Toivonen: Awakọ̀ tí ikú rẹ̀ fòpin sí ọkọ̀ Group B

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ilẹ̀ Finland kan tó kú ní ọmọ ọdún 29, tí ikú rẹ̀ mú kí wọ́n fòfin de irú ọkọ̀ tó ń wà.

Henri Toivonen lorúkọ rẹ̀. Ìlú Jyväskylä ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1956. Ìlú yẹn kan náà ni rálì tó lórúkọ jù ní Finland ti máa ń wáyé.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, rálì kì í ṣe eré ọkọ̀ tí wọ́n ń sá yípo pápá kan ṣoṣo. Ojú ọ̀nà gidi ni wọ́n ti ń sá a: ọ̀nà oko, ọ̀nà orí òkè, inú yìnyín, inú erùpẹ̀. Wọ́n á ti ọ̀nà náà pa, ọkọ̀ á máa gbéra níkọ̀ọ̀kan, aago ló máa sọ ẹni tó yára jù. Èèyàn méjì ló ń wà nínú ọkọ̀. Ọ̀kan ń wakọ̀, ìkejì ń ka ìwé tí wọ́n kọ gbogbo kọ́nà sí, kí awakọ̀ lè mọ èyí tó ń bọ̀ kó tó fojú rí i.

Henri bá iṣẹ́ yìí nílé ni. Pauli, bàbá rẹ̀, ló gba ife-ẹ̀yẹ rálì Yúróòpù ní 1968. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1966, wọ́n ní Pauli ló gbégbá orókè ní Monte Carlo, àmọ́ ìyẹn ò dùn mọ́ ọn. Àwọn ọkọ̀ Mini ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ wọlé. Àwọn adájọ́ eré ní iná iwájú wọn ò bá òfin mu, ni wọ́n bá yọ wọ́n dànù, wọ́n gbé ipò kìíní fún Pauli tó wa Citroën. Ariwo ta gan-an. Pauli fúnra rẹ̀ ò wa Citroën nínú ìdíje mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn ná.

Ọmọ ọdún 19 ni Henri nígbà tó kọ́kọ́ kópa nínú ìdíje àgbáyé. Ní 1980, ó gba rálì RAC nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ọkọ̀ Talbot. Ọmọ ọdún 24 ni nígbà náà, kò sì sí ẹni tó kéré tó o tó tíì gba rálì àgbáyé rí. Ọdún 2008 ni Jari-Matti Latvala, ọmọ Finland bíi tirẹ̀, tó gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, Henri wa Opel, ó wa Porsche, kó tó dé ọ̀dọ̀ Lancia ti ilẹ̀ Ítálì.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti 1982 ni òfin tuntun kan, Group B, ti gba àwọn iléeṣẹ́ láyè láti ṣe ọkọ̀ 200 péré, kí wọ́n sì fi sá rálì. Nígbà tó sì jẹ́ pé 200 péré ni, wọn ò ro ti ẹni tó máa rà á gbé ọmọ lọ síléèwé. Eré nìkan ni wọ́n rò. Delta S4 tí Lancia gbé jáde kò wúwo ju ọkọ̀ kékeré lásán lọ, bíi kílò 890, bẹ́ẹ̀ agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 450 ẹṣin lọ. Abẹ́ ìjókòó àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ni tánkì epo wà.

Ọdún 1985 ti kọ́kọ́ kìlọ̀. Henri ní jàǹbá ní Sardinia, egungun ọrùn rẹ̀ fara pa, ọ̀pọ̀ oṣù ni kò fi lè sáré. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, ọdún náà, Attilio Bettega tí wọ́n jọ ń wakọ̀ fún Lancia kú nínú rálì erékùṣù Corsica. Nọ́ńbà 4 ló wà lára ọkọ̀ rẹ̀.

Henri padà bọ̀, ó gbé Delta S4 lọ sí RAC ní ìparí ọdún, ó sì gbégbá orókè nígbà àkọ́kọ́ tí ọkọ̀ náà sáré. Ní oṣù Kìíní 1986, ó di Monte Carlo. Ọkọ̀ ẹnì kan tí kò sí nínú ìdíje kọlu tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn mẹkáníìkì lù ú, wọ́n tún un ṣe wéréwéré, ó sì tún gbéra. Ó fẹ̀yìn Timo Salonen, ẹni tó gba ife àgbáyé lọ́dún tó kọjá, balẹ̀. Ogún ọdún géérégé lẹ́yìn tí wọ́n gbé ipò kìíní fún Pauli nídìí ọ̀rọ̀ iná mọ́tò, ọmọ rẹ̀ gbà á lójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè bá a du ú.

Ní Sweden, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní Portugal, ọkọ̀ kan já wọ àárín àwọn òǹwòran tó kún ojú ọ̀nà. Èèyàn mẹ́ta kú, ó lé ní 30 tó fara pa. Henri wà lára àwọn awakọ̀ ńlá tó kọ̀ láti bá eré náà lọ. Àwọn tó ń ṣètò ìdíje ò dá a dúró; ẹlòmíì ni wọ́n gbé ife fún.

Bó ṣe kan Corsica nìyẹn. Kọ́nà ni gbogbo ọ̀nà ibẹ̀, òkè lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Ara Henri ò yá, òtútù mú un, ó sì ti ń sọ fáwọn èèyàn pé ọkọ̀ yìí ti yára jù fún irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, pé ó ti rẹ òun. Síbẹ̀ òun ló ń ṣíwájú. Ní ọjọ́ 2, oṣù Karùn-ún, 1986, lójú ọ̀nà láti Corte lọ sí Taverna, ọkọ̀ rẹ̀ kúrò lójú títì ní kọ́nà apá òsì kan tí kò sí irin ìdènà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó já sínú ọ̀gbun, tánkì epo ya, iná sọ. Henri kú, Sergio Cresto, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń ka ìwé ọ̀nà fún un, náà kú. Irin ara ọkọ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, kò sì sẹ́ni tó rí ohun tó fà á dòní. Ọjọ́ kan náà tí Bettega kú lọ́dún tó ṣáájú ni. Nọ́ńbà 4 ló wà lára ọkọ̀ yìí náà.

Henri fi ìyàwó àti ọmọ kéékèèké méjì sílẹ̀.

Kò pẹ́ rárá tí Jean-Marie Balestre, ààrẹ àjọ FISA tó ń darí eré ọkọ̀ lágbàáyé nígbà náà, fi kéde pé Group B ò ní sí mọ́ láti 1987. Lójú tèmi, ìkéde yẹn pẹ́ ní ọdún kan. Wọ́n tún fi ọkọ̀ wọ̀nyẹn parí ọdún náà, torí ìdíje ṣì kù káàkiri, títí kan ti Côte d'Ivoire níhìn-ín nítòsí wa, tí Björn Waldegård gbà pẹ̀lú Toyota.

Ìdájọ́ inú ọ́fíìsì ló sì parí ọdún ọ̀hún. Ní Sanremo, ní Ítálì, wọ́n lé àwọn ọkọ̀ Peugeot jáde, wọ́n ní ohun tí wọ́n fi sábẹ́ ara ọkọ̀ ò bófin mu. Èyí ló jẹ́ kí Markku Alén ti Lancia di ọ̀gá àgbáyé nígbà tí ìdíje parí ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 11 péré ló lò nípò náà. FISA fagi lé èsì Sanremo, ife sì bọ́ sọ́wọ́ Juha Kankkunen ti Peugeot. Pauli ti rí irú ẹ̀ rí.

Ní 1988, Michèle Mouton, obìnrin awakọ̀ rálì tó lórúkọ jù lọ, àti Fredrik Johnsson dá ìdíje kan sílẹ̀ ní ìrántí Henri. Race of Champions ni wọ́n ń pè é, orúkọ Henri Toivonen ló sì wà lára ife rẹ̀. Kankkunen lẹni tó kọ́kọ́ gbà á.