Anna Hinderer, Ìyá Ìjọ ní Kúdẹtì

Nígbà tí ìjọ bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó tọ́ kí ó ka oore Olúwa, kí ó sì rántí àwọn tí wọ́n fi ẹ̀mí wọn wewu kí irúgbìn Ìhìnrere tó hù ní ilẹ̀ yìí. Àwa tí a wà ní ìletò àti ní àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká, láti Akínyẹlé dé Lágelú, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ọ̀nà-Àrà, a mọ̀ pé omi tí a ń mu, Kúdẹtì ni orísun rẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n gbẹ́ orísun náà, obìnrin kan wà tí àwọn ọmọ inú ilé rẹ̀ ń pè ní Ìyá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò bí ọmọ kankan. Obìnrin náà ni Anna Hinderer, aya Àlùfáà David Hinderer. Kì í ṣe oníṣègùn, kò sì gbé idà; síbẹ̀ ọdún márùn-ún ni ó fi tọ́jú aláìsàn àti ọmọ aláìníbaba láàárín ogun, tí ebi àti ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

A bí Anna Martin ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1827, ní ìlú kékeré kan tí a ń pè ní Hempnall, ní agbègbè Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Àwọn àgbà wa a máa wí pé ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run pèsè alágbàtọ́ fún un. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ gbé ní Lowestoft létí òkun, níbi tí Àlùfáà ìlú náà, Francis Cunningham, àti aya rẹ̀ ti gbà á bí ọmọ. Aya Cunningham yìí jẹ́ àbúrò Elizabeth Fry, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ìtọ́jú àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Nínú ilé yìí ni Anna ti kọ́ láti máa bẹ aláìsàn àti òtòṣì wò, àti láti máa kó àwọn ọmọ aláìní jọ fún ẹ̀kọ́. Ohun tí ó kọ́ níbẹ̀ ni ó gbé wá bá wa.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1852, ó di aya David Hinderer, ará ilẹ̀ Jámánì tí Ẹgbẹ́ C.M.S. rán wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọkọ rẹ̀ ti dé Ìbàdàn ní ọdún 1851, ó sì ti rí i pé pápá ńlá ni fún iṣẹ́ Olúwa. Kí ọdún 1852 tó parí, tọkọtaya náà ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 1853 wọ́n wọ Ìbàdàn, ìlú àwọn jagunjagun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ìlú ni kò tí ì rí obìnrin òyìnbó rí, wọ́n sì tú jáde láti wò ó.

Ní Kúdẹtì ni wọ́n kọ́ ilé sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ́ ilé ìsìn sí. Anna bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èdè wa, ó sì ń wá ọmọ tí yóò kọ́ ní ìwé. Ìjòyè kan, Olúnlọ́yọ̀ọ́, ni ó kọ́kọ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì fún un, Akínyẹlé tí í ṣe ọkùnrin, àti Yéjídé tí í ṣe obìnrin. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn tẹ̀ lé, a sì rí nínú wọn àwọn ọmọ tí a rà padà kúrò lóko ẹrú. Anna kọ́ wọn ní ìwé kíkà, orin àti aṣọ rírán. Bí ara wọn bá gbóná, òun ni ó ń ṣọ́ wọn lóru. Bí wọ́n bá fara gbọgbẹ́, òun ni ó ń wẹ̀ ẹ́ tí ó sì ń dì í.

Ọ̀tá tí ó kọ́kọ́ dojú kọ wọ́n kì í ṣe ènìyàn. Ibà ni. Ní àkókò náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni ń gbé ibà kiri. Kefer, ará Jámánì tí ó wá ràn wọ́n lọ́wọ́, kú ní Ìbàdàn ní ọdún 1855. Anna àti ọkọ rẹ̀ ń dùbúlẹ̀ àìsàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ara rẹ̀ bá yá díẹ̀ ni ó ń tọ́jú ẹnì kejì. Ní ọdún 1856 wọ́n ní láti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti sinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ì bá ti rò pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1858 wọ́n tún ti wà ní Kúdẹtì. Henry Johnson, ará Yorùbá tí ó ti Sàró wá, bá wọn wá pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni Samuel, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹni tí àwa yóò tún dárúkọ.

Ní ọdún 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, Adélù Àrẹ̀mọ rẹ̀ sì gorí oyè. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí Ìjàyè, kọ̀ láti gbà á ní ọba, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ lọ. Ìbàdàn dúró ti Adélù. Ní ọdún 1860 ogun bẹ́ sílẹ̀. Balógun Ìbíkúnlé àti Ọ̀tún Ògúnmọ́lá kó ogun Ìbàdàn jáde. Àwọn Ẹ̀gbá sì dìde láti gbe Ìjàyè. Orílẹ̀ Ìjàyè, tí ó wà lábẹ́ Akínyẹlé lónìí, tí ẹlòmíràn nínú wa lè fi ọkọ̀ dé láàárín wákàtí kan, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn fún ọdún méjì. Àgbẹ̀ kò lè lọ sí oko láìfòyà, nítorí àwọn agbéni-lọ wà nínú igbó.

Nínú Ìjàyè fúnra rẹ̀, òjíṣẹ́ C.M.S. kan wà, Adolphus Mann, òun pẹ̀lú jẹ́ ará Jámánì. Òun àti Richard Stone, òjíṣẹ́ Bàtíìsì láti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ń wẹ ọgbẹ́ àwọn tí ọta ìbọn bà, tí wọ́n sì ń dì wọ́n. Iṣẹ́ àánú yìí kò sọ wọ́n di ẹni tí a kò lè fọwọ́ kàn. Ọwọ́ ogun Ìbàdàn tẹ Stone lójú ọ̀nà, a sì mú un wá sí Ìbàdàn bí ẹni tí ń ṣe alamí, kí a tó dá a sílẹ̀. Kúrunmí kú ní ọdún 1861, ebi sì mú ìlú náà gidigidi. Ní oṣù kẹta ọdún 1862, wọ́n gbé Mann àti aya rẹ̀ tí ń ṣàìsàn jáde. Kò pẹ́ rárá lẹ́yìn náà tí Ìjàyè fi fọ́. Edward Roper, ọ̀dọ́mọkùnrin òjíṣẹ́ tí ó dúró ní ipò Mann, bọ́ sí ọwọ́ àwọn aṣẹ́gun. A kó o ní ìgbèkùn wá sí Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer ni ó sì padà rí ìsádi.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní Kúdẹtì ní gbogbo àkókò yìí? Ogun kò fọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ọ̀nà dí. Ẹ̀gbá dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ìjẹ̀bú dí ọ̀nà tiwọn pẹ̀lú. Owó àti ẹrù tí C.M.S. ń fi ránṣẹ́ láti Èkó kò lè dé mọ́. David Hinderer fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu, ó gba àárín àwọn ọ̀tá lọ sí Èkó láti wá owó, ó sì padà láàyè. Ṣùgbọ́n ohun tí ó rí kò tó nǹkan. Anna bẹ̀rẹ̀ sí ta ohun ìní rẹ̀: aṣọ, ohun èlò ilé, títí dé orí páànù inú àpótí. Ẹ̀wà pẹ̀lú epo àti ata díẹ̀ di oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn. Ó ń ka owó ẹyọ ní òwúrọ̀ láti mọ ohun tí gbogbo ilé yóò jẹ ní ọjọ́ náà. Bí ó ti rọrùn tó fún un láti sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí pé kí olúkúlùkù wá ibi tí yóò gbà! Kò lé ẹnì kan jáde. Àwọn ará ilé tí kò tilẹ̀ tí ì gba ìgbàgbọ́ ṣàánú wọn, wọ́n ń tà fún wọn láwìn. Ó yẹ kí a rántí oore àwọn náà lónìí.

Ìṣòro mìíràn wà tí ó wúwo ju ebi lọ. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí ó wà ní Abẹ́òkúta, tí Ẹ̀gbá ń gbè, fi ọkàn sí ti Ẹ̀gbá. Hinderer tí ó wà ní Ìbàdàn rò pé Ìbàdàn kò jẹ̀bi tó bí a ti ń wí. Báyìí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ṣe ń kọ ìwé tako ara wọn, tí àwọn jagunjagun ìhà méjèèjì sì ń fura sí òyìnbó tí ń bẹ lọ́dọ̀ ọ̀tá. Ẹni tí ń di ọgbẹ́ ní àkókò ogun, kò pẹ́ tí a ó fi bi í léèrè pé ọgbẹ́ ta ni ó ń dì. Ìdáhùn Anna sí ìbéèrè yẹn ni pé ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni gbogbo tí ó bá kàn án.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1864, àwọn ìjọba kan ní Yúróòpù pàdé ní ìlú Geneva, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé a kò gbọdọ̀ kọlu àwọn tí ń tọ́jú àwọn tí ó gbọgbẹ́ lójú ogun, àti pé àgbélébùú pupa lára aṣọ funfun ni yóò jẹ́ àmì wọn. Ní ọdún yẹn gan-an, obìnrin kan ń bẹ ní Kúdẹtì tí kò ní àsíá tàbí ìwé àdéhùn kankan láti dáàbò bò ó. Àánú àwọn ìjòyè Ìbàdàn, ìfẹ́ àwọn aládùúgbò rẹ̀ àti ìgbàgbọ́ rẹ̀ nínú Ọlọ́run ni odi rẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 1865, ìjọba Èkó lé ogun Ẹ̀gbá kúrò ní Ìkòròdú. Glover, tí ó wà ní olórí ìjọba ní Èkó, ti gbọ́ pé àìsàn ń pa Anna lọ. Ó rán Ọ̀gágun Maxwell pẹ̀lú àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, láti la ọ̀nà titun nínú igbó kọjá. Wọ́n dé Kúdẹtì lóru láìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti gbọ́dọ̀ padà kí ìròyìn tó tàn. Anna kò fẹ́ lọ, nítorí ọkọ rẹ̀ kò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ kan. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e nínú àsotì, àwọn ọmọ sì ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọjá ibi tí ewu wà láìfọhùn, wọ́n sì dé Èkó ní àlàáfíà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò bá a wí bí kò bá padà mọ́? Ó padà. Nígbà tí ọdún 1867 bẹ̀rẹ̀, tọkọtaya náà tún ti wà ní Ìbàdàn. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà ni a kó ilé àwọn òjíṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, tí a sì lé wọn jáde, èyí tí a ń pè ní Ìfọ́lé. Àwọn ti Ìbàdàn sì tún dá wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1869, nígbà tí agbára rẹ̀ ti tán pátápátá, Anna fi ilẹ̀ wa sílẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó sùn nínú Olúwa ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1870. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ní ọdún 1872 a tẹ àwọn ìwé tí ó ti kọ ránṣẹ́ sí ilé jáde, nínú rẹ̀ ni a sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí ó fara dà.

Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyà náà já sí asán, kí a wo èso rẹ̀. Daniel Olúbí, tí ó bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ́mọdé nínú ilé, di Àlùfáà, òun ni ó sì ṣe olùṣọ́ àgùntàn Ìbàdàn lẹ́yìn wọn. Samuel, ọmọ Henry Johnson, tí ó rí ogun Ìjàyè ní ọmọdé, di Àlùfáà pẹ̀lú. Nígbà ogun Kírìjì, òun àti Charles Phillips ni wọ́n ń rìn láàárín ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ àlàáfíà kiri, títí a fi ṣe àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Òun náà ni ó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí gbogbo ayé ń kà. Ilé ìsìn Kúdẹtì ń jẹ́ orúkọ David Mímọ́; ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Mọ̀lété ń jẹ́ orúkọ Anne Mímọ́; orúkọ Yéjídé sì wà lára ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn ní Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ará, ewu tí Anna rí kò tí ì tán láyé. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ní Rann, ní ìpínlẹ̀ Borno ní orílẹ̀-èdè tiwa yìí, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé obìnrin mẹ́ta tí ń ṣe iṣẹ́ ìwòsàn láàárín àwọn tí ogun lé kúrò nílé. A sì pa méjì nínú wọn kí ọdún náà tó parí. Agbẹ̀bí ni àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí a ti ń yọ̀ lónìí pé ìjọ wa pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹ jẹ́ kí àdúrà wa máa dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí wọ́n wà níbi tí ìbọn ti ń dún. Kí a sì máa ṣe oore fún àwọn tí ń tọ́jú wa ní ilé ìwòsàn kéékèèké inú ìletò wa, kí àárẹ̀ má ṣe mú ọwọ́ wọn. Ẹni tí ó bá sì di ọgbẹ́ aládùúgbò rẹ̀ láìbèèrè ìlú tí ó ti wá, ó ti bá Ìyá ti Kúdẹtì ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kí Ọlọ́run tí ó pa á mọ́ nínú ogun àti nínú ìyàn pa ìjọ rẹ̀ mọ́ ní ilẹ̀ yìí títí láé. Àmín.