Ọba Adérẹ̀mí: Ọọ̀ni tó di gómìnà

Ọdún 1889 ni wọ́n bí Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí. Ó ṣiṣẹ́ rélùwéè, ó tún ṣòwò, kó tó gorí ìtẹ́ Ọọ̀ni lọ́dún 1930. Ní 1932, ó dá Oduduwa College sílẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀.

Ní 1960, Kábíyèsí di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nípò náà. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group ní 1962, ọ̀pọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ Olóyè Akíntọ́lá mọ́. Gómìnà yọ ọ́ nípò Premier, ni wàhálà bá dé.

Ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà ta ko ìyọnípò náà, ṣùgbọ́n Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Kábíyèsí láre ní 1963. Ẹ̀pa kò bóró mọ́: ipò gómìnà ti bọ́, ìjọba Akíntọ́lá sì yí òfin padà. Adé Ọọ̀ni nìkan ni kò bọ́, títí tí Kábíyèsí fi wàjà lọ́dún 1980.